Ibi eré ìmárale àwọn àgbà l'Òkè-Fìà: wọn kì í fọ̀rọ̀ èémí ṣeré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóbìí tó ti dàgbà l'Òṣogbo, ẹ wá gbọ́ o. Ibì kan wà l'Òkè-Fìà tí wọ́n ti ń kó àwọn àgbà ṣe eré ìmárale láràárọ̀ Sátidé, màmá mi ń lọ, èmi ni mo máa ń sìn wọ́n débẹ̀ tí mo sì máa ń jókòó tì wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í fojú ọ̀lẹ wo àgbà tí ò bá lè mí délẹ̀. Kí wọ́n tó tan orin rárá, kóòṣì á ní kí kálukú jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n gbápá lé tábìlì, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ló máa tó wọn BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà òkè tiẹ̀ bá ti lé ní 180 ò ní bá wọn ṣe lọ́jọ́ náà, dókítà ni wọ́n máa ní kó lọ rí.

Ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kóòṣì á wá máa bi wọ́n, "Màmá, kí lẹ sè láàárọ̀ yìí?" Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ló ń gbọ́ o. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ já gaara àmọ́ tí ò lè kọrin, ó ń ṣe é dáadáa nìyẹn, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì tó tún ní láti mí, wọ́n á ní kó dẹwọ́. Ìyẹn gan-an ló dáa, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, tẹ́ ẹ bá ní ká máa ka bó ṣe ń lù nìkan, ó lè tan yín jẹ.

Bàbá kan wà tí wọ́n ṣàdédé dúró, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní àyà ò dun àwọn o. Kóòṣì mú wọn jókòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ibẹ̀ jìn wọnú, kò tètè padà. Ó bi wọ́n pé irọ̀rí mélòó ni wọ́n fi ń sùn, wọ́n ní mẹ́ta, pé táwọn bá sùn gbalaja ṣe ni mímí máa ń nira. Ọsibítù ni wọ́n gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn wọn (echo), wọ́n ní ọkàn wọn ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ, omi ti ń dúró sí wọn lára. Ẹ ẹ̀ rí i pé àìsàn ọkàn lè mú àgbà láìsí àyà dídùn? Àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró náà lè fa irú mímí hẹlẹhẹlẹ bẹ́ẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n ká máa sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé ká sì fi wọ́n sílẹ̀, kò dáa rárá.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni àtẹ̀gùn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngán wọn wà, àgbà á ti gùn ún títí kó tó ríbi jókòó, ó yẹ kí wọ́n wá ilé sísàlẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn. Spíkà wọn náà ti pariwo jù.

Tẹ́ ẹ bá ń mú wọn lọ, ẹ kó oògùn tí wọ́n ń lò dání torí kóòṣì máa béèrè, kẹ́ ẹ sì tètè dé, àga wọn ò pọ̀.