Sípíkà tí mo fi ohùn Tamaki Miura dán wò

Náírà 14,500 ni mo ra sípíkà Bluetooth kékeré yìí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òpópónà Táíwò, n'Ílọrin. Ọmọ tó tà á ò parọ́ fún mi. Dàdàkúàdà ló fi dán an wò lójú mi, ìlù ń dún gìdì-gìdì, káńtà ń gbọ̀n, mo bá sanwó. Èmi ni mi ò ronú. Kì í kúkú ṣe ìlù ni mo fẹ́ fi gbọ́. Sọpíránò mẹ́fà, àwọn obìnrin olóhùn òkè, ni mò ń kọ́ lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀fà.

Mo délé, mo fi Tamaki Miura sí i. Sọpíránò ará Japan ni, ọmọ Tókíò, 1884 ni wọ́n bí i. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ sílé ẹ̀kọ́ orin, ayé á máa wò ó bí ìran. Ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Jámánì ní 1914, ogun bẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti ṣe Cio-Cio-San, ọmọbìnrin ará Japan inú ọ́pẹ́rà (eré olórin) Madama Butterfly, ní 1915, kí ọdún náà tó parí ó ti ń kọ ọ́ l'Ámẹ́ríkà. Ojú òyìnbó la sábà máa ń rí nínú kìmónò yẹn, aṣọ ìbílẹ̀ Japan, tẹ́lẹ̀. Puccini tó kọ orin náà gbà á lálejò n'Ítálì ní 1920.

Àwo rẹ̀ ti pẹ́. Wọn ò tíì máa fi máìkì gba orin sílẹ̀ nígbà náà, inú ìwo ńlá kan lolórin ń kọrin sí, nítorí náà kò sí ìlù ńlá kankan tí sípíkà lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Níbi tó ti gbóhùn dé téńté, ṣe ló ń dún bí eṣinṣin tó há sínú agolo mílíìkì! Mo ní àwo ló gbó. Mo ki íápíìsì ọmọ mi bọ fóònù, ti 2,000 náírà lásán: àwo ń ha ṣáá, àmọ́ ohùn mọ́ gaara, mo tiẹ̀ ń gbọ́ ibi tó ti ń mí.

Bátìrì ò burú, ó tó wákàtí márùn-ún.

Mo tún wọkọ̀ padà s'Ílọrin. Ọmọ tó tà á ní, “Mọ́mì, orin yín ló ti pẹ́ jù.” Wọn ò dá owó padà, wọ́n ní kí n mú òmíràn. Mo bá fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń fi dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, oníbàárà dúró ń wòran mi. Èyí tí mo mú bọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, kò lè mi káńtà. Mo fi 1,500 kún un.