Ara CubeSat: Ẹ Rà Á Lódindi, Ẹ Ṣà Á Jọ, Tàbí Ẹ Lo Backplane?

Ẹ̀yin tí owó ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, tí ẹ fẹ́ kọ́ CubeSat, ìyẹn sátẹ́láìtì kékeré bí àpótí, tí yóò ṣe ju iṣẹ́ kan lọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ ti kámẹ́rà tó máa gbé. Ara tó ń gbé kámẹ́rà ni mo fẹ́ sọ: bátìrì, kọ̀ǹpútà, rédíò, àti ohun tó so wọ́n pọ̀.

Rírà lódindi lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ni Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀. SSTL, ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì ní Guildford, ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ NigeriaSat-1 tó gòkè ní 2003. Ọkàn ẹni máa ń balẹ̀, torí wọ́n ti dán an wò. Bí ẹ bá wá fẹ́ yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ọwọ́ wọn náà lẹ ó tún padà sí, pẹ̀lú owó.

Ṣíṣà jọ lojú mi ti rí nǹkan. Ẹ ó ra bọ́ọ̀dù iná níbí, kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, ẹ ó tò wọ́n léra bí àwo lórí ìtò PC/104, tó ní pin 104, ìyẹn àwọn abẹ́rẹ́ irin tí iná àti dátà ń gbà kọjá láti bọ́ọ̀dù kan sí èkejì. Gbogbo olùtajà ló ń sọ pé ọjà àwọn bá ìtò yìí mu. Òótọ́ ni, wọ́n wọ ara wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ pin wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ kí olúkúlùkù lò ó bó ṣe wù ú. Pin tí bọ́ọ̀dù iná wa ń gbé agbára bátìrì gbà, ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà wa ń gba dátà. A tan iná, ìṣẹ́jú kan ò pé tí òórùn jíjó fi gba yàrá. Oṣù márùn-ún ká tó rí kọ̀ǹpútà mìíràn gbà! Olùtajà méjèèjì jàre, ó wà nínú ìwé kálukú wọn. Àwa la ò tẹ́ ìwé méjèèjì síra. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba àtẹ pin bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan, kẹ́ ẹ fi báírò pupa sàmì sí ibi tí agbára bátìrì ń gbà. Ẹ tún bèèrè bóyá a lè já pin láì gé bọ́ọ̀dù. Bí wọn ò bá fún yín ní àtẹ yẹn, ẹ má rà á.

Ti backplane yàtọ̀: bọ́ọ̀dù kan ni gbogbo yòókù ń kì bọ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa pinnu ohun tó ń gba ibi kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì Würzburg ní Jámánì lò ó fún sátẹ́láìtì wọn UWE-3 ní 2013. Ní yunifásítì Kyutech ní Japan, àwọn ọmọ BIRDS, iṣẹ́ àjọṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń ṣe, kọ́ sátẹ́láìtì 1U (àpótí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níhà kọ̀ọ̀kan) márùn-ún lórí àwòrán kan náà. NigeriaEduSat-1 ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, wà lára wọn, wọ́n sì jù wọ́n sílẹ̀ láti ISS, ibùdó àgbáyé tó wà lójú òfurufú, ní oṣù keje 2017. Kyutech ti gbé àwòrán ara BIRDS síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń gba àyè díẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù yà.

Bí ẹ ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ọjọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti sún mọ́lé, ẹ ra odindi. Àwa ti wà lórí backplane báyìí. Nígbà tá a yọ kámẹ́rà tá a fi rédíò sí i, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo la tún yà.