Fóòmù orí igi tàbí búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé: èwo ló ń fọ ẹnu ẹni tó wà lórí ibùsùn?

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju bírò lọ, fóòmù kékeré tí wọ́n gé létí bí ìràwọ̀ ló wà lórí rẹ̀, àwọ̀ píǹkì tàbí àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó rọ̀, kì í sì í mú kí erìgì ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tó ti kùnà náà nìyẹn. Ohun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ha èérí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Ó ń mú ẹnu tutù ni, kò fọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ èérí yẹn ni ọ̀tá. Ẹ fi èékánná ha ìdí eyín yín lówùúrọ̀ kí ẹ tó fọnu: nǹkan funfun tó bá yọ yẹn, bakitéríà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú mìlílítà itọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lè tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù. Tí a bá sùn, ọ̀pọ̀ wa ni itọ́ díẹ̀díẹ̀ ń gba ọ̀nà èémí wọn, ikọ́ àti agbára ara ló ń bá wa lé e jáde. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti kú lápá kan kò lè wúkọ́ bó ṣe yẹ. Nígbà míì kò tiẹ̀ mọ̀ pé itọ́ ti gba ibi tí kò yẹ. Apá ọ̀tún ló sábà máa ń bọ́ sí, torí ọ̀nà èémí tọ̀tún fẹ̀ ju tòsì lọ, ó sì dà gbọọrọ wálẹ̀. Òtútù àyà ló ń dà. Tí kò bá tètè rí ìtọ́jú, ó lè di èéwo ọlọ́yún nínú ẹ̀dọ̀fóró, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì máa rùn bí ohun tó ti jẹrà.

Fóòmù yìí tún ní àléébù tó burú ju àìfọnu lọ: orí rẹ̀ máa ń já. Ẹni tí ìrònú rẹ̀ kò já geere mọ́ á kàn deyín mọ́ ọn, fóòmù á sì há sọ́fun. Ní 2012, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun èlò ìwòsàn ní Brítéènì kìlọ̀ lórí rẹ̀ torí irú èyí. Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má rẹ ẹ́ sínú kọ́ọ̀bù omi kalẹ̀, torí àtè tó mú orí rẹ̀ á tú. Ẹ fà á wò kí ó tó wọ ẹnu. Ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù kó má baà máa kán lọ sọ́fun. Ètè àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbẹ ni kí ẹ fi pa. Iṣẹ́ tó mọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ti fi òróńbò wẹ́wẹ́ àti glycerine sí, ẹ má rà á rárá. Ẹnu ló tún ń gbẹ.

Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó ní orí kékeré, tí wọ́n kọ «soft» sí lára, ló yẹ kí owó bá lọ. Ní Japan, wọ́n pín àwọn àgbàlagbà ilé ìtọ́jú 11 sí méjì: àwọn kan, olùtọ́jú ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu wọn lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Láàárín ọdún méjì, òtútù àyà mú 19 nínú 100 lára àwọn tí kò rí ìtọ́jú yẹn, ó mú 11 nínú 100 lára àwọn tó rí i. Ìtọ́jú ẹnu ló ṣe é o, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ló ṣòro díẹ̀. Ẹ gbé aláìsàn jókòó; tí kò bá lè jókòó, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Ẹ má fọ ẹnu ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Ọṣẹ ìfọyín kò gbọdọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ, kó sì jẹ́ èyí tí kì í hó: ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, tí ẹ bá rí «sodium lauryl sulfate», ẹ dá a padà. Ìfófòó ló ń sáré lọ sọ́fun. Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sómi, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ dagun díẹ̀ sí ìdí erìgì, ẹ fọ ìta, inú àti orí eyín, ó kéré tán ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ dúró. Erìgì tí kòkòrò ti ń jẹ ló ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá tó kú. Aláìsàn kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmàlà àárọ̀ lè wà níbẹ̀ títí di alẹ́, á ti rọ̀, á ti kan, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń jẹun. Ẹ fi gọ́ọ̀sì (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò) tútù tí ẹ wé mọ́ ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì kó o jáde. Ìka yín kọ́, torí aláìsàn máa ń géni jẹ. Ahọ́n náà, láti àárín wá síwájú, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá parí, ẹ má bomi sí i lẹ́nu pé kó yọ ọ́. Ẹ nu ún. Kó sì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Oògùn ìfọnu chlorhexidine tí gbogbo ènìyàn ń yìn, àwa kò fún un ní àmì púpọ̀. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó ń pọ́n eyín bíi ti ẹni tó ń jobì, ó ń ba adùn ẹnu jẹ́, àwọn ọṣẹ ìfọyín kan sì ń bá agbára rẹ̀ jà, àfi kí èèyàn fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ìdènà àkóràn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń gbà níyànjú fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ èémí. Wọ́n fi fífọ eyín sípò rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì tó ń fa itọ́ dára gan-an fún ẹni tí kò lè tutọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ló ń lò, ẹ̀rọ náà sì ń lo iná. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Pákò ńkọ́? Ẹni tó lè rin ín fúnra rẹ̀, kó máa rin ín lọ; àmọ́ ẹ má fi rin ẹnu ẹlòmíràn, torí fọ́nrán rẹ̀ máa ń já sẹ́nu. Ẹni tó bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́ lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú.

Òtútù àyà àgbàlagbà lè má mú ibà wá. Aláìsàn lè kàn kọ oúnjẹ, kó máa sọ̀sọkúsọ, kí ohùn rẹ̀ máa dún bíi pé omi wà lọ́fun. Ẹ fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá lé ní 20, ẹ pe dókítà. Tó bá ti tó 30, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní wéré.