Mọ́dẹ́ẹ̀lì oòrùn, ayé àti òṣùpá: ó dáa, àmọ́ ó ku nǹkan kan

Mo fẹ́ràn nǹkan yìí gan-an. Gílóòbù kékeré ni wọ́n fi ṣe oòrùn, tẹ́ ẹ bá ti pa iná yàrá tẹ́ ẹ wá yí òṣùpá wá sáàárín, ẹ máa rí òjìji ẹ̀ róbótó lórí ayé, àwọn tó bá wà níbi tó dúdú jù yẹn nìkan ni ọ̀sán máa dòru fún, àwọn tó wà létí ẹ̀ kàn máa rí i pé oòrùn ò pé ni. Ẹ yí i lọ sẹ́yìn ayé, òjìji ayé á bò ó.

Ibi tí ò ti péye: nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí, gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá ti yípo ni òjìji yẹn ń bọ́ sórí ayé! Ọ̀nà òṣùpá gangan fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bíi dígírì 5, òjìji ẹ̀ sábà máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ ayé kọjá ni. Kí àwọn tó ṣe é jọ̀ọ́ tẹ ọ̀pá tó gbé òṣùpá dúró díẹ̀.