Bíbélì lọ́wọ́ Àgùdà àti lọ́wọ́ Onítẹ̀bọmi
Ẹ lọ sí máàsì Àgùdà kan n'Ílọrin níbí, tó bá jẹ́ ọjọ́ ọdún ẹ máa rí i tí wọ́n ń fín tùràrí sí ìwé Ìhìnrere, gbogbo èèyàn á dìde, fádà á kà á tán á wá fẹnu kò ó. Onítẹ̀bọmi ò ráyè ìyẹn, Bíbélì tiwọn ti fẹ́ ya, ìlà báírò kún inú ẹ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n ní ẹsẹ kan kẹ́ ẹ wò ó!

Ìjà gan-an ni pé ìwé 73 ni t'Àgùdà, 66 ni t'àwọn Onítẹ̀bọmi, ìwé Mákábì Kejì tí àdúrà fún òkú wà nínú ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Fífẹnu ko ìwé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà lójú tèmi o, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa mọ Bíbélì sórí, Sọ́ńdè Sùkúù Onítẹ̀bọmi ni kó lọ.