FamilySearch: ẹ gba ìwé gbọ́, ẹ má tètè gba igi gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ tọpa baba ńlá tàbí ìyá ńlá rẹ̀ nínú ìwé, FamilySearch ni kó kọ́kọ́ yà sí kó tó náwó síbòmíràn. Ìkànnì náà ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ímeèlì lèèyàn fi ń ṣí àkáǹtì. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ló ni ín. Ọdún 1894 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di FamilySearch sílẹ̀ ní Utah l'Amẹ́ríkà, ọdún 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé sórí fíìmù, ìkànnì sì jáde ní 1999. Fíìmù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì parí kíkó wọn sórí kọ̀ǹpútà ní 2021. Ohun tó wà níbẹ̀ wá pọ̀ kọjá èyí tí ẹni tó kàn tẹ orúkọ sínú àpótí ìwárí lè rí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Igi ìdílé tí wọ́n ń pè ní Family Tree ló kọ́kọ́ máa ń wọ èèyàn lójú, òun ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń kọ. Kò sí pé tèmi nìyí, tìẹ nìyẹn. Òkú kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ àti nọ́mbà ìdánimọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní àkáǹtì lè yí ohun tó wà níbẹ̀ padà. Alààyè ni wọ́n ń fi pamọ́ fún ojú ará ìta. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìbátan tí ẹ ò mọ̀ rí lè ti gbé fọ́tò síbẹ̀, tàbí àwòrán Bíbélì ìdílé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí igi náà ló ti inú àkójọ àtijọ́ wá, èyí táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ láìsí ẹ̀rí. Ẹ ó rí ìyá tó bímọ lọ́mọ ọdún méje, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti kú, àti ọkùnrin méjì olórúkọ kan náà tí wọ́n ti pa pọ̀ di ẹyọ kan.

Kí ẹ tó gba ojú ewé kankan gbọ́, ẹ lọ sí apá tí wọ́n pè ní Sources. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, àhesọ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí ẹ ó wádìí. Bó bá wà, ẹ ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, torí igi tí ẹlòmíràn gbìn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ tẹ Follow lórí àwọn òkú tó jẹ́ tiyín gan-an kí ímeèlì lè máa ta yín lólobó bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn wọ́n. Gbogbo àyípadà ló ń wọnú Latest Changes, a sì lè dá èyí tí wọ́n bà jẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin náà bá ń tún nǹkan ṣe, ẹ má fo àpótí tó ń béèrè ìdí. Ìlà kan bíi “ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ti 1871 sọ pé ọmọ ọdún 64 ni” máa ń dá ẹni tó fẹ́ yí i padà lọ́wọ́ kọ́ ju àríyànjiyàn lọ.

Apá tí iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ ni Records, ìyẹn ìwé tí wọ́n ti ṣe àtọ́ka orúkọ inú wọn, tí wọ́n to orúkọ wọn jọ kí kọ̀ǹpútà lè wá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn: ikú, ìkànìyàn, ìgbéyàwó, ìbí. Ìwé ikú máa ń sọ ọjọ́ orí àti ibùgbé, nígbà mìíràn orúkọ òbí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó fẹnu sọ ọ́ fún akọ̀wé. Ọmọ òkú tàbí àna rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n mọ ọjọ́ tó kú, wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nítorí náà ìwé kan náà lè dájú ṣáká lórí ikú kó sì mẹ́hẹ lórí ìbí.

Kíkún gbogbo àpótí ìwárí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Bí ẹ ṣe ń fi kún un ni èsì ń sá lọ. Orúkọ ìdílé, ibì kan, àti àlàfo ọdún mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Sípẹ́lì kì í dúró lójú kan láyé àtijọ́, akọ̀wé ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni, nítorí náà ẹ lo àmì. Ìràwọ̀ * dúró fún iye lẹ́tà yòówù, àmì ìbéèrè ? dúró fún ẹyọ kan. Sm?th á mú Smith àti Smyth wá. Thom*s*n á mú Thomson àti Thompson. Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lófìfo, ẹ kọ orúkọ ìdílé, kí ẹ wá kọ orúkọ bàbá àti ti ìyá. Níbi tí àtọ́ka bá ti ní orúkọ òbí nínú, gbogbo ọmọ tí tọkọtaya náà mú wá sí ìrìbọmi á tò jáde, títí kan èyí tó kú ní kékeré tí ìdílé ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ ń wá nípa bàbá lè wà nínú ìwé àbúrò rẹ̀.

Bí orúkọ bá jáde, ẹ má dúró lórí àtọ́ka. Ẹ ṣí àwòrán ìwé náà. Ẹni tó ṣe àtọ́ka lè ka J bí I, tàbí S bí L. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ sì ń kọ s méjì bí ẹni pé f àti s ni, Jesse á wá di Jefse, Ross á di Rofs. Àtọ́ka tún máa ń fi ohun tó ṣe pàtàkì sílẹ̀: àwọn ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó, iṣẹ́ bàbá ìyàwó, àmì X tí ẹni tí kò mọ̀wé fi sí ìdí ìwé. Ẹ wo ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1880 fún àpẹẹrẹ. Òun ni ìkànìyàn ibẹ̀ tó kọ́kọ́ sọ ohun tí ará ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí olórí ilé, ó sì béèrè ibi tí wọ́n bí onítọ̀hún, ibi tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ àti ibi tí wọ́n bí ìyá rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo yẹn lè gbé yín lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ ka ilé mẹ́wàá tó ṣáájú àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, torí àna àti ẹ̀gbọ́n kì í sábà gbé jìnnà.

Ọjọ́ orí inú ìkànìyàn kì í ṣe ohun téèyàn ń fi búra. Obìnrin kan lè jẹ́ ọmọ 30 ní 1850, kó jẹ́ 38 ní 1860, kó tún di 49 ní 1870, kó sì jẹ́ ẹnì kan náà. Ní England, wọ́n ní kí àwọn tó ṣe ìkànìyàn 1841 mú ọjọ́ orí ẹni tó ti kọjá 15 wálẹ̀ sí márùn-ún tó súnmọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ pé ó jẹ́ 35, ó lè tó 39, àlàfo tí ẹ ó fi wá ìbí rẹ̀ sì ni 1801 sí 1806. Ìlú yẹn náà ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀ ní 25 Oṣù Kẹta títí wọ́n fi yí kàlẹ́ńdà padà ní 1752. Bí tọkọtaya bá ṣègbéyàwó ní Oṣù Kẹfà 1740, tí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì sì sọ pé wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn ní Oṣù Kejì 1740, ẹ má pè é lọ́mọ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Oṣù mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e. 1741 ni lójú kàlẹ́ńdà tiwa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò dé rí ni àwòrán tí kò ní àtọ́ka orúkọ, ibẹ̀ sì ni ìṣúra wà. Ẹ wọ Catalog, ìyẹn àtòjọ ìwé àti fíìmù tí wọ́n ní, ẹ fi orúkọ ibi wá a, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Àgbègbè bí ó ti rí nígbà náà ni kí ẹ kọ, torí ààlà ń yí, ìwé sì máa ń dúró sọ́dọ̀ ìjọba tó kọ ọ́. Tí ẹ bá rí àwòrán kámẹ́rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà fíìmù, ó ṣeé ṣí. Gíláàsì ìwoǹkan ń sọ pé ó ní àtọ́ka. Fíìmù kan lè ní ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú, nítorí náà ẹ wo nọ́mbà Item, kí ẹ wá ojú ewé àkọlé tó pín wọn. Bí àwòrán bá jẹ́ 800, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ẹ fò sí 400, ẹ wo ọdún tó wà lókè ojú ewé, kí ẹ sọdá síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìdajì ìdajì. Kí ẹ tó ṣe èyí pàápàá, ẹ yẹ iwájú àti ẹ̀yìn ìwé wò: ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló ti fúnra wọn to orúkọ síbẹ̀ ní A, B, D.

Full Text náà ti ń yí iṣẹ́ yìí padà. Kọ̀ǹpútà ló ń ka ìwé àfọwọ́kọ, tó ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìdúró de ẹni tó máa ṣe àtọ́ka. Nínú ìwé ìpíngún àti ìwé ilẹ̀ ló ti wúlò jù, torí ẹlẹ́rìí, aládùúgbò àti ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ á jáde, àwọn tí àtọ́ka àtijọ́ ò kà sí. Ẹ fi àmì àyọlò yí orúkọ àti orúkọ ìdílé ká, ẹ fi + síwájú ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ má sí níbẹ̀. Ó ń ṣi lẹ́tà kà o, nítorí náà ẹ dán sípẹ́lì bíi mẹ́ta wò.

Fún ìdílé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, mi ò rò pé irinṣẹ́ mìíràn wà tó tó báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Àtòjọ ẹrú inú ìkànìyàn 1850 àti 1860 kọ ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti àwọ̀ sábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ní ti orúkọ ẹrú fúnra rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ìkànìyàn 1870 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ ní orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ògiri yẹn, kó wá ìwé Freedmen's Bureau, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún àwọn ẹrú tó gba òmìnira, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865, àti ti báńkì Freedman's, níbi tí àwọn tó ń fowó pamọ́ ti máa ń dárúkọ òbí, ọkọ tàbí aya, àti àwọn àbúrò tí wọ́n tà lọ. Lẹ́yìn náà, kó wá ìwé ìpíngún olówó wọn, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to ẹrú pọ̀ mọ́ àga àti màlúù, pẹ̀lú orúkọ. Ó dunni láti kà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí orúkọ ìyá ńlá náà ṣẹ́kù sí.

Àwọn ìwé kan wà tí ìkànnì kankan ò lè mú wá. Iná tó jó ní 1921 ba ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890 jẹ́ débi pé díẹ̀ ló kù. Ti 1931 ní England jóná ní 1942. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba ní Dublin jóná ní 1922. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ohun tó ti jóná. Ìwé owó orí, ìwé ilẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi dí àlàfo náà. Bákan náà ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀: England àti Wales 1837, Scotland 1855, Ireland 1864 fún gbogbo èèyàn. Ṣáájú ìyẹn, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Àléébù méjì ni mo ka sí i lọ́rùn. Àkọ́kọ́, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ ó tẹ̀ láti wa ẹ̀ka ìdílé yín kúrò lórí Family Tree ní fáìlì GEDCOM, irú fáìlì tí àwọn ètò igi ìdílé fi ń gbé ìsọfúnni fún ara wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ gba inú ètò kọ̀ǹpútà mìíràn bíi RootsMagic. Ẹ máa wa àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń rí i, kí ẹ fi ọdún, ibi, orúkọ, nọ́mbà fíìmù àti nọ́mbà àwòrán sọ fáìlì náà lórúkọ.

Ìkejì ni kámẹ́rà tó ní kọ́kọ́rọ́ lórí. Àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni ìwé ló fà á: àwòrán ọ̀hún ò ní ṣí nílé. Ilé-iṣẹ́ FamilySearch Center tàbí ilé ìkàwé tó bá wọn ṣe pọ̀ ló ti ń ṣí, ojú ìkànnì náà sì ní máàpù tí ẹ ó fi wá èyí tó súnmọ́ yín. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni olùyọ̀ǹda ara ẹni ń bójú tó, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí. Ẹ to nọ́mbà fíìmù, nọ́mbà Item àti ọdún tí ẹ ń wá sínú ìwé kan láti ilé, ẹ mú fíláàṣì dání, ẹ kọ́kọ́ ṣí àwọn tí kò ní àtọ́ka, torí àwọn ló ń jẹ àkókò jù.