Qt, wxWidgets, GTK àbí Electron: èwo ni kí ẹ dì mọ́ sọ́fítíwíà yín?

Bí ẹ bá fẹ́ ta sọ́fítíwíà tí yóò ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, ẹ ó nílò toolkit tí yóò máa ya fèrèsé àti bọ́tìnì rẹ̀. Ẹ̀rọ oníbàárà lè má ní i, nítorí náà ẹ̀yin lẹ ó dì í mọ́ ọjà yín, ẹ̀yin náà lẹ ó sì ru ìwọ̀n rẹ̀, láísẹ́ǹsì rẹ̀ àti àlébù ààbò tó bá yọ nínú rẹ̀. Láísẹ́ǹsì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí òun ló lè sọ ọjà di ẹjọ́.

Qt ló pé jù nínú wọn. VLC àti Telegram Desktop ń lò ó. Ẹ lè san owó láísẹ́ǹsì ìṣòwò, tí wọ́n ń kà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń kọ kóòdù, tàbí kí ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ LGPL. LGPL kò ní kí ẹ tú kóòdù tiyín síta, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ lè fi Qt mìíràn rọ́pò èyí tí ẹ dì fún un. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ jẹ́ kí fáìlì .dll rẹ̀ (àkójọ kóòdù tí sọ́fítíwíà ń pè lórí Windows) dá dúró. Ẹ ṣọ́ra fún Qt Charts, apá Qt tó ń ya àtẹ ìṣirò: GPL, láísẹ́ǹsì tó ní kí ẹ tú kóòdù tiyín síta fún oníbàárà, ni òun tí ẹ kò bá sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Python, ohun méjì ló lè so ó mọ́ Qt: PySide6 wà lábẹ́ LGPL, PyQt6 sì jẹ́ GPL tàbí ti owó.

Lórí Windows, windeployqt, irinṣẹ́ tó bá Qt wá, ni yóò bá yín kó àwọn fáìlì rẹ̀ jọ. Bí qwindows.dll, fáìlì tí Qt fi ń bá Windows ṣiṣẹ́, bá ṣẹ́kù sílẹ̀, sọ́fítíwíà kò ní ṣí rárá. Orí ẹ̀rọ tí Qt kò dé rí ni kí ẹ ti dán an wò. Oníbàárà tó ṣì wà lórí Windows 7 kò lè lo Qt 6.

wxWidgets, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh ní 1992, fúyẹ́ jù ú lọ. Bọ́tìnì Windows fúnra rẹ̀ ló ń lò, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì gbà kí ẹ yọ́ ọ mọ́ .exe kan ṣoṣo láìtú kóòdù yín síta. FileZilla ń lò ó. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ fọ́ọ̀mù àti tábìlì, òun ni mo fọwọ́ sí.

GTK dára lórí Linux. Lórí Windows, àwọn àkójọ kóòdù tó gbára lé, bíi GLib, Pango àti Cairo, pẹ̀lú àwọn àwòrán bọ́tìnì ni ẹ ó kó tẹ̀ lé e.

Electron, tí GitHub bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ń gbé odidi Chromium (ìpìlẹ̀ aṣàwákiri Chrome) àti Node.js (ohun tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí aṣàwákiri) sínú ọjà kọ̀ọ̀kan. Láísẹ́ǹsì MIT rẹ̀ kò ni yín lára, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè ju 100 MB lọ kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan. Ẹni tó mọ HTML yóò tètè parí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlébù libwebp, kóòdù tó ń ka àwòrán WebP nínú Chromium, jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023, olúkúlùkù tó dì Electron mọ́ ọjà ló ní láti gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ẹ̀yà ńlá tuntun ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, mẹ́ta tó tuntun jù nìkan ni wọ́n sì ń tún ṣe. Bí kò bá sí ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé èyí lọ́dọ̀ yín, ẹ má mú un.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ tẹ «ẹ̀gbọ́n» àti «ọ̀rẹ́» sínú àpótí ìkọ̀wé rẹ̀. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò sí àmì kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ̀ tàbí ọ́. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni fọ́ǹtì ní láti so pọ̀. Bí àmì bá fò kúrò lórí lẹ́tà, ẹ wá fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì dì í mọ́ ọjà náà.